Ìpín Èémí Bàbá Onírùngbọ̀n

Múínátù ti fa ilẹ̀kẹ̀ mọ́kànlélógójì lórí tẹsùbáà rẹ̀, yanrìn inú ìgò tó fi ń wọn ìṣẹ́jú kò sì tíì dà tán. Kì í ṣe orúkọ Ọlọ́run ló ń fi tẹsùbáà náà pè lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ikùn ológbò ló tẹjú mọ́. Bí ikùn náà bá wú tó sì rọ̀, á fa ilẹ̀kẹ̀ kan. Bó bá tún wú, á fa òmíràn. Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀kẹ̀ mẹ́rìnlélógún ni ìṣẹ́jú kan máa ń jẹ nígbà tí ológbò náà bá sùn fọnfọn. Nígbà tí oṣù Ràjábù lé, ó di ọgbọ̀n. Lónìí, èémí ti ré ìpín kìn-ín-ní tẹsùbáà kọjá, ìyẹn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó sì ń sáré lọ bí ẹni tí ogun ń lé.

Ológbò náà kò fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara bí adìẹ tó sàba, ó na ọrùn síwájú, ó la ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì kí àyà rẹ̀ lè ráyè. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ba Múínátù lẹ́rù jù. Ajá lè yọ ahọ́n kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kó má sì ṣe é ní nǹkan kan. Bí ológbò bá la ẹnu kó tó mí, ọ̀ràn ti kúrò ní kékeré.

"Ẹ rọra, ọkọ mi," ni Múínátù wí. Kò fọwọ́ kàn án, nítorí ó ti mọ̀ pé ẹni tí èémí wọ́n fún kì í fẹ́ kí wọ́n gbá òun mọ́ra. "Ẹ rọra. Ibí ni mo wà."

Lókè ìlẹ̀kùn, Adelé wúkọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ ọ, kó máa wúkọ́ kó tó sọ̀rọ̀, kí ó má baà já onílé láyà. Àpótí pẹlẹbẹ kan ni, kò fẹ̀ ju wàláà ọmọ kéú lọ, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí eruku pupa ti gba òde, òun ló ń ṣí ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ fún gbogbo ẹni tó ń mí nínú ilé, kálukú ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ohùn arúgbó obìnrin Ọ̀yọ́ ni wọ́n fi sí i lẹ́nu.

"Ìyá ilé," ni Adelé wí, "Bàbá Onírùngbọ̀n ti mí àmíjù lẹ́ẹ̀kẹta láti òwúrọ̀. Mo ti ránṣẹ́ pe olùtọ́jú èémí. Ó ti wà lójú ọ̀nà."

Tẹsùbáà bọ́ lọ́wọ́ Múínátù. Ó ní kí Adelé sọ fún olùtọ́jú náà kó padà, pé kò sí wàhálà kankan. Adelé dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé aláìsàn nìkan ló lè dá olùtọ́jú padà, bó bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Múínátù wo ológbò. Ológbò wo ẹnu páìpù.

Ó dìde, ó ṣe èyí tó lè ṣe. Ó yẹ asẹ́ ojú fèrèsé wò, bóyá ibì kan ti ya tí eruku pupa ń gbà wọlé. Asẹ́ náà ki dáadáa, ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló hun ún. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò ti dáná tùràrí nínú ilé yìí nítorí ológbò. Ó gbé àwo ẹja kúrò níwájú rẹ̀, torí ẹni tó ń wá èémí kò ráàyè oúnjẹ. Nígbà tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe mọ́, ó tẹ́wọ́. Ó ní, Ọlọ́run tó dá imú, má ṣàì dá ohun tí imú yóò fà.

Kò tíì fi àdúà náà pa ojú tí aago ìlẹ̀kùn òde fi dún.

Dáhùnsi lorúkọ olùtọ́jú náà, ọkùnrin bí ẹni ogójì ọdún, ó ga, ó sì rí pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ó gbọn eruku kúrò lára ní àárín ìlẹ̀kùn òde àti ti inú, ó bọ́ ìbòmú, ó fi kọ́ èèkàn, ó sì wọlé tòun ti àpótí iṣẹ́ lápá òsì àti ibùsùn àgbéká lápá ọ̀tún. Ó dọ̀bálẹ̀ bí àyè ti mọ nínú yàrá náà. Ó kí Múínátù kú ìtọ́jú aláìsàn, ó ní Ọlọ́run yóò fi àlàáfíà sí i. Lẹ́yìn náà ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ìyá, Bàbá dà?"

Múínátù kò mọ irọ́ pa. Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ nílé, pẹ̀lú Kùránì lọ́wọ́ kan àti pàṣán lọ́wọ́ kejì, ó sì máa ń sọ fún un pé irọ́ ni ẹrù tí kò ṣeé sọ̀. Ó nawọ́ sí orí ẹní.

Dáhùnsi wo orí ẹní. Ó wo ẹ̀yìn ẹní. "Bàbá ni mò ń bèèrè, ìyá."

"Àwọn náà nìyẹn."

Ọkùnrin náà jókòó sórí ìjókòó òfì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó. Ó fa wàláà onígíláàsì kan yọ nínú àpò, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀ sókè, bí ẹni tó fẹ́ kí etí òun jẹ́rìí ojú òun: Bàbá Onírùngbọ̀n, àgbà ilé. Ọjọ́ orí, a kò mọ̀. Ìyàwó ilé ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Ìpín èémí, ti arúgbó, ẹ̀kúnrẹ́rẹ́. Ó gbójú sókè, ó tún wo ológbò, ó wo irun funfun gbọọrọ tó yọ jáde lẹ́rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

"Wọn ò kúkú purọ́," ló wí. "Irùngbọ̀n wà níbẹ̀."

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, Múínátù ìbá rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n Dáhùnsi ti kúnlẹ̀ ti ẹní, ó fi ìka kan gbé ètè ológbò sókè. Ẹran ìdí eyín tó yẹ kó pọ́n ti di àwọ̀ eérú tí òjò pa. Ojú ọkùnrin náà yí padà.

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ẹ̀mí ná, ìyá. Òfin kì í kú, ó lè dúró dè wá."

Ó yọ àtíbàbà kékeré kan nínú àpótí, aṣọ rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, orí ọmọ tuntun ni wọ́n rán an fún. Ó fi bo ológbò mọ́lẹ̀, ó so okùn rẹ̀ mọ́ ìgò èémí tó gbé wá, afẹ́fẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀. Ó gbé etí lé àyà ológbò. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó ní omi ló kún àyà, pé ẹ̀dọ̀fóró tó yẹ kó máa fẹ̀ ti rì sómi bí kànìnkànìn inú korobá. Òun yóò fi abẹ́rẹ́ fa omi náà. Ó rí i pé Múínátù ń wo òun tìfura-tìfura, ó wá fi kún un pé nínú àgbàlá baba òun ní Òkèehò ni òun ti kọ́ abẹ́rẹ́ gígún, ewúrẹ́ ni òun sì fi kọ́ ọ kí òun tó fọwọ́ kan ènìyàn.

"Ẹ kàn bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má jà," ló wí. "Bí wọ́n bá jà, èémí tó kù á tán."

Múínátù gbọ́ 'wọn' náà. Inú rẹ̀ rọ̀ sí ọkùnrin yìí. Kò di ológbò mú. Ó tẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, bó ti máa ń kì í nígbà tí wọ́n bá jọ ń yáàrùn lẹ́nu ọ̀nà, kí eruku tó gba òde lọ́wọ́ ènìyàn:

Onírùngbọ̀n ọkọ mi,
ọmọ a-rìn-má-jẹ̀ẹ́-kí-ilẹ̀-mọ̀.
O gun àká, o gun àjà,
o já bọ́, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló gbà ọ́ sílẹ̀.
Èkúté gbọ́ ohùn rẹ, ó gbàgbé ọ̀nà ilé àna.
O sùn sórí òwú, òwú ò lọ́;
o jókòó sórí aṣọ olóyè,
olóyè ní bó bá wù ọ́ kó o máa sùn níbẹ̀.
Ìyàwó dé, o ò ṣán an;
ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, o ò fi í sílẹ̀.
Àgbà tí kì í bínú ìdájọ́,
mí sínú, mí síta,
kí abẹ́rẹ́ ó kọjá.

Etí ológbò kan yí sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, kò sì jà. Omi tó jáde pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tí a fi ṣan ẹran, ó sì kún ife títí dé àárín. Múínátù kò gbà gbọ́ pé àyà kékeré bẹ́ẹ̀ lè gba omi tó tó yẹn. Nígbà tí Dáhùnsi fa abẹ́rẹ́ yọ, ológbò náà jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá pa ẹnu rẹ̀ dé. Nǹkan kékeré ni, ẹnu tó pa dé, ṣùgbọ́n omi lé ròrò sójú Múínátù, ó fi etí ìborùn nù ún.

Dáhùnsi wá ní kó máa sọ ọ́ wàyí, báwo ló ṣe jẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Lọ́dún méjìdínlógún sẹ́yìn, nígbà tí wọ́n gbé Múínátù wọ ilé yìí bí ìyàwó, ìyá ọkọ rẹ̀ mú un káàkiri àgbàlá, ó ní gbogbo ohun tó bá bá nínú ilé tó ń mí, ó ṣáájú rẹ̀ dé, ọkọ rẹ̀ ni, kò sì gbọ́dọ̀ pè é lórúkọ. Wọ́n kan ọmọ ológbò kan tó jókòó lórí òwú. Àwọn obìnrin ilé fi ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní èyí náà ńkọ́, ṣé yóò kúnlẹ̀ fún un. Múínátù kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi." Ilé ti fẹ́ẹ̀ wó fún ẹ̀rín. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Múínátù wo irùngbọ̀n, ó sì fún un lórúkọ bí ìyàwó ti ń fún àwọn àna rẹ̀. Láti ọjọ́ náà kò tíì pa àárọ̀ kan jẹ. Ẹ̀fẹ̀ ni nígbà náà. Lẹ́yìn náà, ìyá ọkọ kú. Àwọn àbúrò ọkọ kó lọ sí etí òkun níbi tí wọ́n ní eruku kò pọ̀. Ganíyù tó jẹ́ ọkọ gan-an, ọdún kẹrin rèé tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni àwọn tí Múínátù lè kúnlẹ̀ fún ń dín, títí ó fi ku ẹyọ kan, ẹyọ náà sì ní ìrù.

"Bí àwọn náà bá lọ," ni Múínátù wí, "kò sí ẹni tí mo jẹ́ ìyàwó fún mọ́ nílé yìí. Mo ti di onílé nìyẹn. Mi ò bẹ̀bẹ̀ fún un."

Dáhùnsi fi ọwọ́ pa ojú. Ó ní òun ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ gbà wọlé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé Adelé wá sí Ìsẹ́yìn, àwọn àgbà ìlú ló ní ẹnikẹ́ni kò ní ka àwọn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Wọ́n lé àwọn tó wá ka ènìyàn padà lẹ́nu odi lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àwọn tó ṣe Adelé jókòó ti àgbà, tí wọ́n fi ẹnu kò pé àpótí náà kò ní bèèrè iye ènìyàn lọ́wọ́ ẹnì kan. Yóò kàn máa gbọ́ ìkíni àárọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n bá kí, ó wà nílé. Ẹni tí wọ́n bá kúnlẹ̀ kí, àgbà ni, kí wọ́n fún un ní ìpín àgbà. Gbogbo ìlú ní ọgbọ́n nìyẹn. Kò sí ẹni tó rántí bèèrè bóyá ilé kan wà tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ fún ológbò.

"Ìkíni yín ló fi wọ́n joyè, ìyá."

Múínátù ní òun gbọ́ tí Adelé ń pè é ní Bàbá Onírùngbọ̀n, òun àti aládùúgbò a sì máa fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n òun rò pé orúkọ lásán ni àpótí náà kọ́, òun ò mọ̀ pé ìpín wà nídìí rẹ̀. Páìpù ẹ̀gbẹ́ ẹní yẹn, ti ìyá ọkọ òun ni òun pè é, tí wọ́n gbàgbé láti tì.

Dáhùnsi gbà á gbọ́. Ó yọ páálí oògùn kan, ó ní kó máa lọ ìdajì ẹyọ kan sínú ẹja láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò jẹ́ kó máa tọ̀, kí omi má tètè padà sí àyà. Ṣùgbọ́n omi yóò padà, òun kò ní tàn án. Ọkàn ológbò náà ti gbó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù fún un, ó pẹ́ tán oṣù kan. Múínátù bi í bóyá ó ń jìyà. Ó ní nígbà tí omi wà, bẹ́ẹ̀ ni, ìyà ni. Nígbà tí kò sí, àgbàlagbà tó jókòó nínú ilé rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ kan àpò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí rẹ̀, ó ní oorun tí a kì í jí nínú rẹ̀ wà níbẹ̀, kò ní mú un jáde àfi bí ìyá bá fẹnu ara rẹ̀ bèèrè.

"Kì í ṣe lónìí," ni Múínátù wí.

"Mo rí i pé kì í ṣe lónìí."

Ó gbé wàláà lé itan. Ó ní ohun tí òun yóò kọ ni pé òun bá àgbàlagbà onírùngbọ̀n kan, pé òun fa omi lára rẹ̀, pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa nílé. Kò sí ẹni tí yóò tún wá títí oṣù mẹ́ta. Irọ́ kankan kò sí nínú rẹ̀, bí ẹ bá kà á dáadáa. Ó sọ ọ́ tán, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ọmọ tó jí ẹran fún ìyá rẹ̀ jẹ.

Múínátù ti la ẹnu láti súre fún un. Ṣùgbọ́n kò súre náà. Ó wo páìpù ẹ̀gbẹ́ ẹní, ó gbọ́ bó ti ń mí sínú ilé jẹ́jẹ́.

"Dáhùnsi, ìpín yìí, ibo ni wọ́n ti ń mú un wá?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í nu abẹ́rẹ́ tó ti nù tẹ́lẹ̀. Ó ní páìpù ìlú kò pọ̀ bí ojú ọ̀run. Àwọn arúgbó wà ní àgọ́ ẹnu odi, àwọn tí eruku lé kúrò ní oko, wọ́n ń retí kí ìpín kan ṣófo. Ẹni tó kàn lórí ìlà ni obìnrin kan láti Sakí, olùkọ́ ni tẹ́lẹ̀. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kó rí èémí fà. Láti Ràjábù ló ti ń sùn lórí ìjókòó.

"Ràjábù," ni Múínátù wí.

"Ẹ má fi ṣe ẹrù yín, ìyá. Èmi ni mo sọ ohun tí wọn ò bi mí."

"Mo bi ọ́."

Ó wá bi í léèrè ohun gbogbo, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni tó ń ta òwú. Ta ló lè ti ìpín náà? Dáhùnsi ní kò sí, kì í ṣe òun, kì í ṣe ọ́fíìsì. Bí àwọn àgbà ti là á kalẹ̀ nìyẹn: ẹni tó kí i joyè nìkan ló lè rọ̀ ọ́ lóyè. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò kí i, Adelé yóò bèèrè, kí Múínátù sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé ológbò náà kì í ṣe ẹni ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé ológbò náà yóò wá máa mí eruku? Ó ní òfin kò ní kí ẹran má mí. Òfin ní kó mí nínú ìpín olówó rẹ̀. Ṣé ìpín obìnrin kan á tó méjì? Dáhùnsi wo òfì, ó wo aṣọ asẹ́ tó wà lórí rẹ̀, kò tíì dé ìdajì. Ó ní ahunṣọ kì í fi èémí ṣeré. Bí ẹ bá ń ju ọ̀kọ̀ òfì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìpín yín tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó, tí ẹ ò hun, èyí tó ṣẹ́kù á gba ológbò.

"Ohun kan tún wà," ló wí, kò sì wo ojú rẹ̀. "Ẹ ò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ mọ́ láé. Bí ẹ bá tún kí wọn, Adelé á tún fi wọ́n joyè."

Múínátù dìde, ó bu omi fún un, ó gbé ibùsùn àgbéká rẹ̀ tí kò wúlò bá a dé àárín ìlẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni Dáhùnsi ti rọra sọ fún un pé òun kò tíì tẹ ohun tí òun kọ ránṣẹ́, òun yóò dúró di ọ̀la kí àyè lè gba Múínátù láti ronú. Ó wọ ìbòmú, ó sì rìn wọ inú òde pupa.

Múínátù kí aláàsárì, ó kí mágàrìbì, ó kí ìṣáì. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó ń gbìyànjú láti bẹ Ọlọ́run fún ẹ̀mí ológbò rẹ̀, obìnrin Sakí á sì dìde jókòó láàárín àdúà náà. Kò mọ ojú rẹ̀, kò mọ orúkọ rẹ̀, ìjókòó nìkan ló ń rí. Ó fi ìbínú sọ fún Ọlọ́run pé ọwọ́ òun méjì nìkan ló kù fún òun, ọwọ́ náà sì nìyí tí wọ́n ní kí òun ká lé itan. Ojú fèrèsé àdúgbò yìí látòkè délẹ̀, aṣọ òun ló bò ó. Àti pé ìkúnlẹ̀ àárọ̀ yẹn, ta ló ṣe léṣe? Ọlọ́run kò bá a jiyàn. Kó tó sùn, ó lọ oògùn mọ́ ẹja, ológbò sì jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta, ó lá àwo.

Àsùbáà kọjá. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba inú asẹ́ wọlé, ó pọ́n bí epo. Múínátù ń ká aṣọ ìkírun rẹ̀ nígbà tó gbọ́ èékánná lórí sìmẹ́ǹtì. Ológbò náà ti dìde. Láti ọ̀sẹ̀ kan kò tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lórí ẹní. Ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń dúró sinmi, títí ó fi dé ìdí òpó ẹnu ọ̀nà níbi tí ìyá ọkọ Múínátù máa ń jókòó sí gba ìkíni. Ó jókòó. Ó fi ìrù ká ẹsẹ̀. Ó ń dúró.

Orúnkún Múínátù ti tẹ̀ kó tó mọ̀. Ó di apá òfì mú. Orúnkún náà ń wá ilẹ̀, òun náà sì ń fà á sókè, eyín rẹ̀ ti wọ ètè. Ó gbójú sí fèrèsé. Ó ń ka fọ́nrán òwú asẹ́ bí ẹni tí kò tíì rí i rí.

Adelé wúkọ́. "Ìyá ilé, mi ò gbọ́ kí ẹ kí Bàbá Onírùngbọ̀n. Ṣé wọ́n rìnrìn àjò ni?"

"Rárá."

"Ṣé wọ́n ti papò dà?"

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́."

"Kí ló wá dé?"

"Bàbá Onírùngbọ̀n kì í ṣe ènìyàn," ni Múínátù wí. "Ológbò ni. Mo ń kí i torí pé ìyàwó ni mí, mo sì fẹ́ràn láti jẹ́ ìyàwó. Ìpín tí o fún un, ẹlòmíràn ló ni ín, ó ń bẹ ní ẹnu odi. Gbé e fún un."

"Mo gbọ́," ni Adelé wí. "Mo ti tì í." Kò sọ iye tó kù nílé.

Páìpù ẹ̀gbẹ́ ẹní dún bí ìkòkò tí wọ́n sọ̀ kúrò lórí iná, ó sì gbẹ. Ológbò yíjú wo páìpù, ó yíjú wo obìnrin náà. Múínátù kò jẹ́ kó pẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì. Ó ki ọwọ́ sábẹ́ àyà rẹ̀, ó rí i bó ti fúyẹ́ tó, irun àti egungun, ó gbé e lọ sórí ìjókòó òfì níbi tí páìpù tirẹ̀ wà, ó sì tẹ́ ẹ sí itan kí imú rẹ̀ lè kọjú sí afẹ́fẹ́. Òun náà fẹ̀yìn ti òpó òfì. Orí rẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́, bí ẹni tó gbààwẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó mí jẹ́jẹ́, tí kò mi apá, tí kò sọ̀rọ̀, ó rí i pé ó ṣeé ṣe. Bí a bá gún iyán nínú ewé tí a se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbà. Ọ̀kọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú òwú nínú, kò jìnnà ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Ìka rẹ̀ ń sún lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ láìgbàṣẹ, ó sì ń dá a padà sórí irun ológbò.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi ń kan ìlẹ̀kùn òde. Ìyá Sífáwù ni, aládùúgbò tí asẹ́ fèrèsé rẹ̀ ya lánàá. Ó ń ti ẹ̀yìn ìbòmú sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ń kùn bí ti oyin inú igbá. Ó ní òun wá mú asẹ́ òun, pé àwọn ti ń jẹ eruku mọ́ ẹ̀kọ láti àná, ó sì ní òun ò gbọ́ ariwo òfì, ṣé kò sí o?

"Mi ò hun lónìí," ni Múínátù dá a lóhùn. "Àjákù asẹ́ kan wà lórí èèkàn lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Ẹ fi dí i ná."

"Ọ̀la ńkọ́?"

Múínátù wo ikùn tó ń wú tó sì ń rọ̀ lórí itan rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí ọ̀la dé ná, Ìyá Sífáwù."

Obìnrin náà ráhùn díẹ̀, ó mú àjákù náà, ó lọ. Ilé parọ́rọ́. Nígbà tó ṣe, ológbò náà na apá iwájú kan, bó ti máa ń nà án nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé tí gbogbo ahunṣọ ilé ń lé e kiri. Ó fi èékánná kan há fọ́nrán lára aṣọ tí kò parí náà, ó sì fà á. Òwú tú. Ó tún fà á, òwú ń tú lọ, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ń di kókó sórí itan Múínátù.

Múínátù ń wò ó. Kò gbá a lọ́wọ́.